Ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: báwo la ṣe ń mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yí ni lérò padà nínú ọ̀rọ̀ fóònù?

Aránṣọ Àjàṣẹ́ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mò ń rán ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí, n kò sì kàwé kọjá 5ème, ìyẹn kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdírì, nítorí náà ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọ mi obìnrin wà ní 3ème, kíláàsì kẹrin, ìdánwò BEPC ló kù níwájú rẹ̀. Olùkọ́ Faransé wọn fún wọn ní lẹ́tà kan tó dá lórí fóònù nílé-ìwé, ó ní kí wọ́n wá àwọn ọgbọ́n tí ẹni tó kọ ọ́ fi ń yí àwọn òǹkàwé lérò padà. Ọmọ náà fa ìlà pupa sídìí gbogbo gbólóhùn, ó kọ "ọgbọ́n" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọgbọ́n wo? Ó ní òun kò mọ̀, àmọ́ ó dá òun lójú pé ọgbọ́n ni.

Lẹ́tà náà rèé. Faransé ni, òun ló kà á sí mi létí, èmi ni mo yí i sí Yorùbá. Mo fi nọ́ńbà sí i kí ẹ lè rí ibi tọ́ka sí.

1. Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ni, mo sì ti fojú ara mi rí ohun tí fóònù ń sọ ọmọ dà.
2. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ kì í kàwé mọ́.
3. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri.
4. Ṣé ó di ìgbà tó bá kan ọmọ tiyín kí ẹ tó dìde?
5. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé níbi tí wọ́n ti fòfin de fóònù, máàkì àwọn ọmọ fi 6% gòkè.
6. Gbogbo ayé ló ti fòfin dè é; àwa nìkan ló kù.
7. Àwọn kan á ní fóònù wúlò fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣebí fóònù wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé.
8. Ọ̀nà méjì péré ló wà: kí á gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, tàbí kí fóònù gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa.
9. Fi fóònù sílẹ̀, gbé ìwé. Gbé ìwé, gbé ọjọ́ ọ̀la!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká máa wò? Ọjọ́bọ̀ ló máa fi sílẹ̀.

Ọmọ Àkàbà, Kétu

Gbólóhùn 8 yẹn, mo ti gbà fún un kí n tó kà á tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ara mi pé kí ni mo gbà gan-an.

Olùkọ́ Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé kí n tó fẹ̀yìn tì síbí, lábẹ́ àwọn òkè Ṣábẹ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ka iye ọdún mi fún yín kí n tó sọ ohunkóhun. Kí ẹ lè gbà mí gbọ́ ni. Ohun tí onílẹ́tà ṣe ní gbólóhùn 1 náà nìyẹn: kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí.

Aristotle ará Gíríìkì ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ yí wa lérò padà lè gba ọ̀nà ara rẹ̀ (ta ni mí, kí ló dé tí ẹ ó fi gbọ́ tèmi), ó lè gba ọ̀nà ọkàn wa (ẹ̀rù, àánú, ìtìjú, ìgbéraga), ó sì lè gba ọ̀nà àlàyé (ẹ̀rí, ìṣirò, ìdí abájọ). Nínú ẹ̀kọ́ Faransé tiwa, méjì la máa ń pín in sí: *convaincre* ń bá orí sọ̀rọ̀, *persuader* ń bá inú sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ní tiwọn kò pín in. Wọ́n kàn ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Ohun tí ọ̀rọ̀ yọ jáde ni wọ́n ń wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà náà.

Gbólóhùn 2. "Gbogbo wa la mọ̀." Bí o bá ń ṣiyèméjì, o ti dá nìkan wà nìyẹn, gbogbo ilé ti mọ̀, ìwọ nìkan ni kò mọ̀. Ìtìjú ló fi ń mú ni. Lẹ́yìn náà ló wá kó gbogbo ọmọ sínú àpò kan: "kì í kàwé mọ́." Kì í ṣe "àwọn kan", kì í ṣe "ó máa ń ṣòro fún wọn". Àsọdùn ni. Ẹ wá ọmọ kan ṣoṣo tó ní fóònù tó sì ń kàwé, gbólóhùn náà ti ṣubú.

Gbólóhùn 4 ni mo fẹ́ràn jù, bí mo bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè pèsìjẹ la ń pè é: ó jọ ìbéèrè, kò sì retí èsì. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dá a lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó di ìgbà tó bá kan ọmọ mi." Òbí wo ló lè dìde sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé òbí? Ìbéèrè náà ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Gbólóhùn 7 nìkan ni a ti gbọ́ ohùn ẹni tí kò gbà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, onílẹ́tà sì mọ̀ pé wọ́n lè pe òun bẹ́ẹ̀. Ó wá fún alátakò ní òkèlè kan, ó sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni. Ó ń jẹ́ kó dà bí ẹni tó gbọ́ tọ̀tún tòsì. Kí ọmọ wo ó dáadáa: nínú gbogbo ohun tí òbí lè sọ láti fi gbèjà fóònù, èwo ni onílẹ́tà yàn pé òun máa dáhùn? Èyí tó rọrùn jù ni. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń rìn lọ sílé-ìwé láti abúlé, kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ìwé kò sí.

Gbólóhùn 8, Ọmọ Àkàbà, kò ṣe ọ́ nìkan. Ó fi "gba" méjì ṣe eré, ó yí wọn lójú dé, etí gbádùn rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà kẹta. Kí fóònù wà nínú àpò títí ilé-ìwé yóò fi jáde ńkọ́? Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀nà méjì péré ló wà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òun ló dí ìyókù.

Wàyí o, èyí tó máa gba máàkì fún ọmọ: kó má kọ orúkọ ọgbọ́n nìkan. Kó kọ ọ̀rọ̀ tó rí nínú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kó fún un lórúkọ, kó wá sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún ẹni tó ń kà á. Ọmọ tó bá kọ "ìbéèrè pèsìjẹ ni" tó sì dákẹ́, ìdajì máàkì ni èmi máa ń fún un. Kó sì rántí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òbí ni. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣé gbólóhùn 1 máa wúlò? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ni ọdún méjìlélógún tí ẹnì kan fi kọ́ni máa dẹ́rù bà?

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ kú làálàá. Ọmọ ti ń dà á kọ. Ó wá béèrè pé gbólóhùn 5 ńkọ́, pé níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà ti wà níbẹ̀, òótọ́ ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ kú alẹ́, bàbá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, yunifásítì Abomey-Calavi ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò mi tú 5 yìí palẹ̀, torí pé nọ́ńbà ló máa ń pa wá jù.

Ìwádìí kan wà lóòótọ́ tó jọ èyí tí wọ́n ń sọ. Yunifásítì kan ní London, London School of Economics, ló gbé e jáde ní 2015. Ilé-ìwé 91 ni wọ́n wò ní ìlú mẹ́rin: London, Birmingham, Manchester àti Leicester. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí ilé-ìwé fòfin de fóònù, máàkì tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń gbà nínú ìdánwò fi 6.4% gòkè.

6.4% ti kí ni? Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ti máàkì. Ti ohun tí wọ́n ń pè ní *écart type* ni, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí máàkì àwọn ọmọ ṣe fọ́n ká sí kúrò láàárín. Ẹ jẹ́ ká ní *écart type* kíláàsì kan jẹ́ 3 lórí 20. Ìdá 6.4% nínú 3 kò pé 0.2. Ọmọ tó ń gba 10 tẹ́lẹ̀ á gba 10.19. Nǹkan ni o, n kò ní kì í ṣe nǹkan, pàápàá bó bá jẹ́ ìlú odindi. Àmọ́ òbí tó gbọ́ "máàkì fi 6% gòkè" kò rò ó báyẹn rárá.

Ibi tó dùn jù nínú ìwádìí náà ni onílẹ́tà fò: àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní jù, tiwọn tó nǹkan bíi 14% lórí ìwọ̀n kan náà, àwọn tó mọ̀wé jù kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ lẹ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé ni màá gbé síwájú, torí pé ó lágbára ju 6% lọ. Wọ́n tún wá irú nǹkan kan náà wò ní Sweden, wọ́n gbé e jáde ní 2020, wọn kò rí kí máàkì gòkè.

Nítorí náà onílẹ́tà kò purọ́. Ó gé ìdí nọ́ńbà kúrò, ó fi orí rẹ̀ hàn wá.

6 wá burú jù ú lọ. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sọ ní 2023 pé kò tó orílẹ̀-èdè kan nínú mẹ́rin tó fòfin de fóònù ní ilé-ìwé wọn. France ti ṣe tirẹ̀ ní 2018. Àwọn mìíràn ti kún wọn látìgbà náà, àmọ́ "ọ̀pọ̀ ń ṣe é" àti "àwa nìkan ló kù" jìnnà síra bí Àjàṣẹ́ ṣe jìnnà sí Malanville.

Atúnfóònùṣe Ouando

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà náà sọ tiẹ̀. Nídìí ọjà ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó fún mi ní máàkì.

Bí oníbàárà bá dúró sójú fóònù kan tó ń yí i lọ́wọ́ wò, mo máa ń sọ pé "Ó ku méjì péré." Páálí odindi lè wà lábẹ́ tábìlì o. Bó bá wo owó tó mí kanlẹ̀, màá ní "Dókítà kan ló ra irú rẹ̀ lánàá." N kò ní orúkọ dókítà náà. Ẹ má bá mi jà, ẹnu ọjà nìyẹn.

Kámẹ́rà ni mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀. Wọ́n kọ 48 *megapixel* sára páálí, ìyẹn mílíọ̀nù 48 ojú kéékèèké tó ń mú àwòrán, èèyàn á rò pé àwòrán rẹ̀ á dára ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti 12 lọ. Ọ̀pọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀ máa ń pa ojú mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, tí àwòrán tó ń jáde á fi jẹ́ 12 náà. 48 tí wọ́n kọ kì í ṣe irọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí ojú kámẹ́rà dọ̀tí, kò sí nọ́ńbà tó máa gbà yín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń tọ́ka sí 48 lójoojúmọ́ ayé.

Kí ọmọ wá sí ọjà níbí lọ́jọ́ Sátidé, kó kàn dúró fetí sí ìpolówó. Ìyá alákàrà kì í sọ pé "mo ní àkàrà". Ó ń sọ pé gbígbóná ni.

Ìránṣẹ́ Rere

Ẹ ju fóònù nù ni mo sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ!!! Ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kó tó pẹ́ jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Ẹ ṣé o. Ẹ ti fún ọmọ ní àpẹẹrẹ tó dára.

Ní 2011, ẹ̀ka àjọ náà tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, IARC, fi ìtànṣán tí fóònù ń lò sí ìsọ̀rí 2B. Ìtumọ̀ 2B ni pé ó ṣeé ṣe kó máa fà á, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kéré. Wọ́n fi àwọn ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ rẹ ní Éṣíà sí ìsọ̀rí kan náà. "Ó ṣeé ṣe" àti "ó ń fà á" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Orúkọ ńlá ni ẹ yá lò, ẹ̀rù ni ẹ fi tẹ̀ lé e, ẹ wá ní "kó tó pẹ́ jù" kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó ku méjì péré" ti Atúnfóònùṣe náà ni.

Atúnfóònùṣe Ouando

Kí ló mú mi wọ èyí báyìí?

Ìyá Aláṣọ Kétu

Mo ti ń kà yín láti àná, inú mi kò dùn. Ohun tó wà ní gbólóhùn 3 yẹn ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn eré ìdárayá, kí ó tó dé ilé, àwòrán ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jáde. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ kan fi bírò kọ "ọgbọ́n àánú" sí ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì gba máàkì lé e. Bí ẹnì kan bá ń sunkún, ṣé ọgbọ́n ló ń dá?

Olùkọ́ Ṣábẹ

Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mo lo ọ̀rọ̀ náà láìwẹ̀yìn. Mo sì kẹ́dùn pẹ̀lú ọmọ yín.

Mo ti rí i ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà: bí ọmọ bá ti kọ́ láti pe nǹkan ní "ọgbọ́n", á rò pé òun ti mú olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi igi dáná àti ẹni tó fi gáàsì dáná, oúnjẹ wọn lè dùn, ó sì lè ṣaláìdùn. A kàn sọ ohun tí wọ́n fi sè é ni. Onílẹ́tà fi ìtàn ọmọ kan bá inú wa sọ̀rọ̀. Ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ béèrè ni bóyá ìtàn náà lè gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. Ó gbé e dé ibì kan: ó fi hàn pé pínpín àwòrán ọmọ ń ṣe é ní jàǹbá. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbé e dé ni pé kí ilé-ìwé gba fóònù. Ṣé àárín kíláàsì ni wọ́n ti pín àwòrán náà, tàbí nílé, lálẹ́? Onílẹ́tà kò sọ. Bó bá jẹ́ nílé ni, òfin ilé-ìwé kò kan ibẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Kétu

Ti ọmọ tiwa, ilé-ìwé ni wọ́n ti yà á. Kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Olùkọ́ Ṣábẹ

Ẹ tọ̀nà. Yíyà yàtọ̀ sí pínpín. N kò ronú kàn án.

Ọmọ Àkàbà, Kétu

Kí n bá wa mú un wálé díẹ̀. Ní Kétu níbí, ẹni tó bá ti jókòó sọ́jà lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìra ìwé. Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í jáde kó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn. Á kọ́kọ́ júbà, ó ń júbà àwọn ìyá wa, ó ń júbà àwọn àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn á pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹnu gbogbo yín bá ṣí sílẹ̀ ni yóò sọ ohun tó bá wá, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá sì bá wí kò ní lè bínú dìde, òun náà ṣáà ti rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n" ní gbólóhùn 1. Ìbà nìyẹn. Onílẹ́tà mọ ìbà jú, kò mọ ẹ̀rín pa. Láti 2 títí dé 8, ẹ̀rù, ẹ̀rù, ẹ̀rù. Òbí mìíràn á ti sùn ní 6.

Awakọ̀ Zem

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè. Èmi kì í ṣe ti lẹ́tà. Fóònù ni mo máa ń wò lórí alùpùpù tẹ́lẹ̀, ìyàwó bẹ̀ mí tì, pásítọ̀ wàásù tì. Ọmọ mi ọkùnrin ló ṣe ìṣirò kan fún mi lórí ìwé: bí mo bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, tí mo wo fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré, mo ti rin 50 mítà láì rí ọ̀nà. Ó gbé mi jáde lọ sí títì, ó fi ẹsẹ̀ wọn 50 mítà náà fún mi. Ilé mẹ́rin ló kọjá, àti ìyá kan tó ń ta tòmátì. Látọjọ́ yẹn, inú àpò ni fóònù ń wà. Ọgbọ́n wo lẹ máa pe ìyẹn?

Olùkọ́ Ṣábẹ

Ọmọ yín á di olùkọ́. Ìṣirò ni, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe kó sì bá ohun kan náà, orí ló bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kàn kọ "50 mítà" sórí ìwé, ṣé ẹ máa fi fóònù sápò? Ìyá onítòmátì ló mú un wọ inú yín. Bí orí àti inú ṣe ń rìn pọ̀ nìyẹn, n kì í sì í bínú sí ọmọ tó bá kọ orúkọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kan, bó bá ti lè ṣàlàyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù súnmọ́ ìjàǹbá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ. Nọ́ńbà tó lágbára ni, àmọ́ ẹ ò ní lálàá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan 9. "Fi fóònù sílẹ̀, gbé ìwé, gbé ìwé, gbé ọjọ́ ọ̀la." Àwítúnwí ni, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn apá kìíní ló bẹ̀rẹ̀ apá kejì, ó ń fà ọ́ lọ bí okùn. Kò sí ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbé e sẹ́yìn ni pé òun ni wọ́n fẹ́ kí ẹ rántí tí ẹ bá délé.

Ẹ rántí 2018. Ìjọba fẹ́ máa gba 5 FCFA lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ gbé jáde ni #TaxePasMesMo, ìyẹn "má gba owó orí lórí mẹ́gà mi" ("Mo" ni wọ́n fi ń gé mẹ́gà kúrú ní Faransé). Kò sí ìṣirò níbẹ̀, kò sí àlàyé ọrọ̀-ajé. "Mes" ni gbogbo agbára rẹ̀ wà: tèmi ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti di ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba fagi lé owó orí ọ̀hún. N kò ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló dá a ṣe, àmọ́ òun ló rọrùn jù fún gbogbo ẹnu láti gbé.

(Ọ̀rẹ́ mi kan tí Faransé rẹ̀ kò dán mọ́rán rò títí di òní pé "Mo" ibẹ̀ ni "mo" tiwa, bíi "mo kọ̀". N kò tíì tún un ṣe fún un. Tiẹ̀ dára jù.)

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìnáwó àkókò o, gbogbo yín. Ó ti kọ ọ́ tán, ojú ewé méjì àbọ̀. Ó pa ìlà pupa márùn-ún rẹ́ nínú mẹ́sàn-án, ó ní òun kò rí ohun tó tó sọ nípa wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ nípa yíyà àti pínpín sí abẹ́ 3. 

Ibi tó ti yà mí lẹ́nu ni 7. Gbogbo yín ní ọgbọ́n tó dára ni, àbí? Ọmọ kọ ọ́ báyìí: "Onílẹ́tà dá alátakò lóhùn pé fóònù wà ní ọ́fíìsì. Ìdáhùn yìí lágbára bí fóònù ọ́fíìsì bá ń ṣiṣẹ́. Ti ilé-ìwé wa ti kú láti ìgbà òjò." Mo ní ṣé ó dá a lójú pé kó kọ èyí fún olùkọ́? Ó ní òótọ́ ni. Mo wá ní kó lọ sùn.

Olùkọ́ Ṣábẹ

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gbólóhùn yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ọmọ tó wá ìyẹn rí fún mi.

Atúnfóònùṣe Ouando

Irú fóònù wo ni ti ọ́fíìsì náà? Bó bá jẹ́ pé omi ló wọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi sínú oòrùn, kí wọ́n má sì tan án. Kí ọmọ gbé e wá lọ́wọ́ Sátidé, màá wò ó láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ kó tètè dé o, àyè tó kù lọ́sẹ̀ yìí kò ju méjì lọ.

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.